Ìbọn Kọ́ Ni Ó Ń Sọ Ènìyàn Di Ọdẹ

Àwọn àgbà a máa wí pé, "Àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí, bí a bá rí erin, kí a sọ pé a rí erin." Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń fi òwe yìí bá ẹni tí ó ń fi òtítọ́ pamọ́ wí. Ṣùgbọ́n létí ọdẹ, òwe náà kọjá báyìí. Òfin iṣẹ́ ni. Ẹni tí ó bá rí nǹkan fìrí nínú igbó, tí kò sì mọ̀ bóyá ẹran ni tàbí ènìyàn, kò gbọdọ̀ yìnbọn. Òfin kan yìí ni ó ya ọdẹ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ó kàn ní ìbọn lọ́wọ́. Lóde òní, tí ìjọba ń wá ọdẹ kiri láti fi wọ́n ṣe ẹ̀ṣọ́ ìlú, ó yẹ kí a béèrè bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọdẹ, àti ẹni tí ó ń kọ́ wọn.

Ní Ṣúpárè Àkókó, àti ní àwọn ìlú tí ó yí i ká, bí Àkùngbá, Ọ̀ká àti Ìkàrẹ́, iṣẹ́ ọdẹ kì í ṣe àjèjì. Ilẹ̀ olókè ni ilẹ̀ Àkókó, ilẹ̀ àpáta ńláńlá, níbi tí igbó kìjikìji ìhà gúúsù ti ń pàdé ọ̀dàn ìhà àríwá. Nítorí náà ni ẹran igbó àti ẹran ọ̀dàn fi jọ wà níbẹ̀: ọ̀yà, òkété, ẹtu, ìgalà, àparò àti awó. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ogun Núpé àti ogun Ìbàdàn ń da ilẹ̀ náà láàmú, orí òkè ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sá sí. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó mọ ọ̀nà inú igbó ni ojú àti etí ìlú.

Ìtàn ilẹ̀ Yorùbá kún fún irú wọn. Ọdẹ ni Ògúnlọ́lá tí ìtàn Ògbómọ̀ṣọ́ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọdẹ ni Olútìmẹ́hìn tí wọ́n ń dárúkọ nínú ìtàn bí wọ́n ṣe tẹ Òṣogbo dó. Nígbà tí D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, gbé ìwé ìtàn rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1938, àwọn ọdẹ ni ó fi ṣe akọni inú rẹ̀. Kò yani lẹ́nu. Nínú èrò Yorùbá, ọdẹ ni ẹni tí ó kọ́kọ́ dé ibi tí ẹsẹ̀ ènìyàn kò tíì dé, tí ó sì padà wálé láti ròyìn.

BÍ ỌMỌ ṢE Ń BẸ̀RẸ̀ LÁYÉ ÀTIJỌ́

Láyé àtijọ́, kò sí ẹni tí ó jí lọ́jọ́ kan tí ó sọ pé òun ti di ọdẹ. Láti kékeré ni ọmọ ti ń bẹ̀rẹ̀, nǹkan wẹ́wẹ́ ni ó sì fi ń bẹ̀rẹ̀. Yóò kọ́ bí a ti ń dẹ okùn fún àparò ní ẹ̀gbẹ́ oko, bí a ti ń dẹ pàkúté fún òkété, bí a ti ń fi àtè mú ẹyẹ lórí igi. Nínú eré ọmọdé yìí ni ẹ̀kọ́ tí ó jinlẹ̀ wà. Ọmọ tí ó bá dẹ okùn síbi tí ẹran kì í gbà yóò máa padà wálé lọ́wọ́ òfo títí yóò fi kọ́ láti wo ilẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni bàbá rẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ yóò mú un tẹ̀lé ara. Bí bàbá kì í bá ṣe ọdẹ, wọn yóò mú ọmọ náà lọ bá ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà dunjú, wọn yóò sì fà á lé e lọ́wọ́ bí a ti ń fa ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ lé ọ̀gá lọ́wọ́. Kò níí fọwọ́ kan ìbọn. Apó ọ̀gá ni yóò máa gbé, omi ni yóò máa pọn, ẹran tí ọ̀gá bá pa ni yóò máa rù wálé. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Lójú ọmọ ilé-ìwé òde òní, ìyà lásán ni èyí. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń rìn lẹ́yìn ọ̀gá ni ojú rẹ̀ ń là. Ó ń kọ́ láti mọ ipa ẹsẹ̀ ìgalà yàtọ̀ sí ti ẹtu, láti wo imí ẹran kí ó sì mọ̀ bóyá òwúrọ̀ yìí ni ẹran náà kọjá tàbí àná. Ó ń kọ́ láti mọ igi tí èso rẹ̀ ń bọ́ lọ́wọ́, nítorí pé abẹ́ igi bẹ́ẹ̀ ni ẹran yóò wá jẹun. Ó ń kọ́ láti bu iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ kí ó sì jẹ́ kí ó máa dà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ó lè mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ẹ̀yìn ọdẹ fẹ́ lọ sọ́dọ̀ ẹran, òórùn rẹ̀ ti kìlọ̀ fún ẹran kí ó tó dé ibẹ̀.

Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ojú ni ẹ̀kọ́ ìwà. Ọdẹ kì í bá obìnrin ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àṣepọ̀, nítorí pé inú igbó kan náà ni àwọn méjèèjì ń lọ, ìbọn sì wà lọ́wọ́ olúkúlùkù. Ọdẹ kì í gbé ẹran tí ó kú sínú okùn ẹlòmíràn. Bí ó bá pa ẹran, ó ní ìpín tí ó tọ́ sí ọ̀gá, ó ní èyí tí ó tọ́ sí àgbà ilé, àwọn aládùúgbò náà kì í sì í jókòó lásán. Àwọn àgbà mọ̀ pé kò rọrùn, ìdí nìyí tí wọ́n fi ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ tí ó ro ìyà, bí ó bá pa ẹran kò ní fún ẹnì kan jẹ. Ṣùgbọ́n ó ń fún wọn jẹ. Pípín ẹran yìí ni ó so ọdẹ pọ̀ mọ́ ìlú tí ó bí i.

Nígbà tí ọ̀gá bá rí i pé ọmọ ti gbọ́n tó ni yóò tó fi ìbọn lé e lọ́wọ́. Ìbọn ṣakabùlà kì í ṣe ohun ìṣeré. Ẹ̀tù tí a bá rọ sínú rẹ̀ ní àpọ̀jù lè fọ́ agolo ìbọn mọ́ ẹni tí ó yìn ín lójú. Ọmọ náà yóò kọ́ pé ẹnu ìbọn kì í kọjú sí ènìyàn, ì báà jẹ́ nínú eré. Yóò kọ́ pé ìbọn tí ó ní ẹ̀tù nínú kì í wọ ilé. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò mú un lọ síwájú Olúọdẹ àti ẹgbẹ́ ọdẹ ìlú, yóò sì búra lórí irin, tí í ṣe ti Ògún. Láti ọjọ́ náà lọ, bí ó bá ṣi ìbọn lò, gbogbo ẹgbẹ́ ni yóò dá a lẹ́jọ́. Bí ó bá sì kú, gbogbo ẹgbẹ́ ni yóò jáde láti ṣe ìpà fún un, tí wọn yóò sì sun ìrèmọ̀jé.

RÍRÍ FÌRÍ ÀTI MÍMỌ̀ DÁJÚ

Nínú gbogbo ẹ̀kọ́ wọ̀nyí, èyí tí ẹ̀mí ènìyàn so mọ́ jù ni ẹ̀kọ́ nípa ohun tí ojú rí. Ní òru, ọdẹ a máa de iná mọ́ orí. Bí iná náà bá bọ́ sí ojú ẹran, ojú náà yóò tàn yanran. Ọdẹ tí ó kọ́ṣẹ́ mọ ojú ẹran nípa àwọ̀ rẹ̀, nípa bí méjèèjì ṣe jìnnà síra wọn, àti nípa bí wọ́n ṣe ga sílẹ̀ tó. Ó sì mọ̀ pé ojú ewúrẹ́, ojú ajá àti ojú màlúù náà a máa tàn. Ojú ènìyàn kì í tàn bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó lúgọ sínú òkùnkùn kò ní ojú tí iná yóò fi hàn. Ìró ewé lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ó lè fi í hàn. Bí ọdẹ kejì bá sì ń bọ̀ láti òdìkejì, iná orí rẹ̀ tí ó ń tàn láàárín ewé lè dà bí ojú ẹran lójú ọ̀gbẹ̀rì. Ẹni tí ó bá ń yìnbọn sí ìró, tàbí sí ohun tí ó kàn ń tàn, kò níí pẹ́ tí yóò fi pa ènìyàn.

Èyí ni ewu tí ó wà nínú ọdẹ òjijì òde òní. Ọ̀dọ́ kan lè ra ìbọn lónìí, kí ó ra iná lọ́la, kí ó sì wọ igbó ní ọ̀túnla. Kò ní ọ̀gá, kò ní ẹgbẹ́, kò sì sí ẹni tí ó búra níwájú rẹ̀. Alùpùpù ni ó ń gùn lọ, ojú títì ni ó sì ti ń ta ẹran. Ohun tí ó bá rí fìrí ni ó ń yìnbọn sí. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, òmíràn a tún máa ti iná bọ igbó kí ẹran lè sá jáde, ọyẹ́ a sì gbé iná náà wọ oko kòkó ẹlòmíràn. Iṣẹ́ ogún ọdún a jóná ní ọ̀sán kan nítorí ọ̀yà mẹ́ta.

OHUN TÍ WỌ́N Ń KỌ́ LÓRÍ ÒKUN

Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni ó mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ni ó yẹ kí ó ṣáájú ìbọn. Ní etí òkun ìhà àríwá Amẹ́ríkà, níbi tí òtútù ti ń mú gan-an, àwọn ènìyàn a máa dẹ irú àwọn pẹ́pẹ́yẹ kan tí ó ń gbé orí òkun, tí ó ń mòòkùn láti jẹ ohun abìkarahun. Lórí omi tí ìgbì ń gbé ọkọ̀ ròkè rodò, fìrí ni ẹyẹ náà ń kọjá. Síbẹ̀ ọ̀gbẹ̀rì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè mọ irú ẹyẹ tí ó ń fò bọ̀, akọ tàbí abo, nítorí pé iye tí òfin gbà láàyè fún ìrú kan lè yàtọ̀ sí ti òmíràn. Láti ọdún 1934 ni òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan fún àgbàlagbà tí ó bá fẹ́ dẹ pẹ́pẹ́yẹ igbó láti ra sítáǹbù kan. Owó rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń ra ilẹ̀ àbàtà sílẹ̀ fún àwọn ẹyẹ náà. Láti ọdún 1991 ni wọ́n ti fi òfin de ọta òjé fún dídẹ ẹyẹ omi káàkiri ilẹ̀ náà, nítorí pé àwọn ẹyẹ a máa gbé òjé tí ó rì sísàlẹ̀ omi mì, a sì máa pa wọ́n.

Kì í ṣe inú rere lásán ni ó bí òfin wọ̀nyí. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ òkun a máa pẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yé ẹyin, nítorí náà bí a bá pa wọ́n ní àpajù, kíá ni wọ́n ń dínkù. Irú wọn kan tí ó ti wà ní etí òkun Amẹ́ríkà rí ti run pátápátá. Láti nǹkan bí ọdún 1878 ni ẹnikẹ́ni kò ti rí i mọ́. Ní Iceland ẹ̀wẹ̀, láti ọdún 1847 ni òfin ti dáàbò bo pẹ́pẹ́yẹ òkun kan tí ìyẹ́ rẹ̀ rọ̀ bí òwú. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ kì í pa á. Wọ́n a máa ṣọ́ ọ lórí ìtẹ́, wọ́n a sì máa kó ìyẹ́ tí ó fi tẹ́ ìtẹ́ rẹ̀ láti fi ṣe ìrọ̀rí àti aṣọ ìbora.

Yorùbá náà ní irú òfin bẹ́ẹ̀, bí kò tilẹ̀ sí nínú ìwé. A kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọrí. Àwọn ọ̀dọ́ a máa fi gbólóhùn yìí ṣe àwàdà, ṣùgbọ́n ní ọdún 2015 ni àwọn onímọ̀ nípa ẹranko lágbàáyé ka irú igún tí ó wọ́pọ̀ jù ní ilẹ̀ wa mọ́ àwọn ẹyẹ tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n run. Nígbà tí èèwọ̀ náà ní agbára, kò sí ẹni tí ó nílò ọlọ́pàá láti ṣọ́ igún.

NÍGBÀ TÍ ỌDẸ DI Ẹ̀ṢỌ́

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sórí ẹran mọ́. Nínú èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan náà ni a ń lò fún ẹni tí ó ń pa ẹran nínú igbó àti ẹni tí ó ń ṣọ́ àdúgbò lóru: ọdẹ ni àwọn méjèèjì. Bí ààbò bá mẹ́hẹ, ọ̀dọ̀ ọdẹ ni ojú gbogbo ènìyàn ń yí sí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó sì rí ní ìpínlẹ̀ Òndó ní ọdún àìpẹ́ yìí. Ní ọjọ́ 26, oṣù kọkànlá, ọdún 2020, àwọn agbébọn pa Olúfọ́n ti Ìfọ́n, Ọba Israel Adéùsì, lójú ọ̀nà. Ní ọjọ́ 5, oṣù kẹfà, ọdún 2022, àwọn apànìyàn ya wọ ilé ìjọsìn Kátólíìkì ti St. Francis ní Ọ̀wọ̀, wọ́n sì pa ènìyàn tí kò dín ní 40. Ọ̀wọ̀ kò jìnnà sí Àkókó. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ti ń bẹ̀rù oko tí ó jìnnà sílé.

Ní ọjọ́ 9, oṣù kìíní, ọdún 2020 ni àwọn gómìnà ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù ṣí ẹgbẹ́ Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn. Ní oṣù kẹta ọdún náà ni Gómìnà Rótìmí Akérédolú, tí ó ti di olóògbé báyìí, fọwọ́ sí òfin tí ó gbé e kalẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Òndó. Ọ̀pọ̀ ọdẹ ni ó wà nínú ẹgbẹ́ náà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú náà fọwọ́ sí gbígba àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó káàkiri orílẹ̀-èdè. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí ìjọba ń wá lọ́dọ̀ ọdẹ, kì í ṣe inú ìbọn ni ó wà. Ohun tí ó mú kí ọdẹ níye lórí ni pé ó mọ ipa ẹsẹ̀ àjèjì, ó mọ ihò àpáta tí ènìyàn lè sá sí, ó sì mọ ìgbà tí ẹyẹ ń ké nítorí pé ẹnì kan ń kọjá. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, ó mọ bí a ti ń mú sùúrù kí a tó yìnbọn. Ẹni tí kò kọ́ nǹkan wọ̀nyí, tí a sì wọ aṣọ ẹ̀ṣọ́ fún, ó lè rí darandaran tí kò ṣe nǹkan kan, tàbí àgbẹ̀ tí ó ń ti oko bọ̀ lálẹ́, kí ó pè é ní ọ̀tá. Fìrí tí ó ń pa ènìyàn dípò ìgalà nínú igbó kò níí ṣàì pa aláìṣẹ̀ lójú ọ̀nà.

ẸRAN Ń DÍNKÙ

Ìṣòro mìíràn ni pé ohun tí ọdẹ ń dẹ ti ń tán lọ. Oko ti gba igbó, ayùn ti gba igi, ìbọn sì pọ̀ ju ẹran lọ. Ìjálá tí Adébóyè Babalọlá ṣe ìwádìí lé lórí nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1966 kún fún oríkì erin, ẹfọ̀n àti ẹkùn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé tí ó ń kà á kò rí wọn rí àfi nínú àwòrán. Akika, ẹranko onípẹ́ẹ́ tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà, ni àwọn oníṣòwò ń kó ìpẹ́ rẹ̀ gba Nàìjíríà kọjá lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn orílẹ̀-èdè ti fohùn ṣọ̀kan ní ọdún 2016 pé kí òwò rẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè dópin. Nàìjíríà ní òfin tirẹ̀ lórí ẹranko tí ó ṣọ̀wọ́n láti ọdún 1985. Mélòó nínú àwọn tí ó ń wọ igbó lóru ni ó gbọ́ nípa rẹ̀ rí?

Àwọn ọdẹ kan ti fi ọ̀nà mìíràn hàn. Nínú igbó Ọmọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí erin ṣì kù sí, àwọn tí ó ti ṣe ọdẹ rí wà lára àwọn tí ó di ẹ̀ṣọ́ igbó. Ìmọ̀ tí wọ́n fi ń lépa ẹran ni wọ́n wá fi ń dáàbò bò ó.

Àìsàn náà kò gbẹ́yìn. Ìpínlẹ̀ Òndó wà lára àwọn tí ibà Lassa ń dààmú jù ní Nàìjíríà, ara eku ni àìsàn náà sì ti ń wá. Nígbà tí Ebola wọ Èkó ní ọdún 2014, kò sí ẹni tí kò gbọ́ ìkìlọ̀ nípa ẹran igbó. Ọ̀gá ọdẹ àtijọ́ a máa kọ́ ọmọ rẹ̀ pé ẹran tí a bá bá ní òkú nínú igbó kì í ṣe ẹran jíjẹ. Ta ni yóò kọ́ ẹni tí kò ní ọ̀gá?

OHUN TÍ Ó YẸ NÍ ṢÍṢE

Àwọn kan yóò sọ pé ẹ̀kọ́ṣẹ́ ọdẹ àtijọ́ ti so mọ́ Ògún àti oògùn jù, pé ọmọ Kristẹni tàbí ọmọ Mùsùlùmí kò lè wọ inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìdí. Ṣùgbọ́n ìbúra ni a lè pààrọ̀. Ìwà kò ṣeé pààrọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi Bíbélì tàbí Kùránì búra níwájú Olúọdẹ, kí ó fi búra. Ohun tí ìlú ń fẹ́ ni pé kí ẹnì kan wà tí yóò lè sọ pé, "Ọmọ yìí, èmi ni mo kọ́ ọ, bí ó bá sì ṣìnà, ẹ bi mí."

Ẹ̀bi náà kò sí lórí ọ̀dọ́ nìkan. Àwọn àgbà ọdẹ mìíràn ti fi ìmọ̀ wọn pamọ́ títí tí wọ́n fi gbé e wọ sàréè. Òfin ìbọn ti ọdún 1959 sọ pé ìbọn ṣakabùlà pàápàá gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ, ṣùgbọ́n ìwé lásán kò lè sọ bóyá ẹni tí ó gbà á mọ ìyàtọ̀ láàárín ojú ẹtu àti iná orí ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ohun tí yóò dára ni pé kí òfin àti àṣà jọ rìn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba ìwé àṣẹ ìbọn ọdẹ láìjẹ́ pé ẹgbẹ́ ọdẹ ìlú rẹ̀ jẹ́rìí pé ó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá. Kí ẹgbẹ́ ọdẹ fúnra wọn sì fi òfin ẹranko, ewu iná ọyẹ́ àti ìmọ́tótó kún ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ. Àwọn olùkọ́ náà ní ipa tiwọn. Àgbà ọdẹ kan tí a bá pè wá sí ilé-ìwé ní Ṣúpárè tàbí ní Ìkàrẹ́ láti dárúkọ ẹran àti ẹyẹ ilẹ̀ Àkókó fún àwọn ọmọ, yóò kọ́ wọn ní ohun tí kò sí nínú ìwé kankan.

Bí a bá ṣe èyí, ọmọ tí ó ń bẹ̀rẹ̀ lónìí lè má pa ẹran tó ti bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n yóò mọ igbó, igbó náà yóò sì kù fún ọmọ tirẹ̀. Bí a kò bá ṣe é, ìbọn yóò máa pọ̀, ọdẹ yóò máa dínkù. Nígbà tí ewu ńlá bá sì kọjá lẹ́yìn odi, kò ní sí ẹni tí yóò lè sọ ohun tí ó rí. Fìrí nìkan ni gbogbo wọn yóò rí.